Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Lára Páànù

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ọkọ mi ò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ojú mi ló sì ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni. Mo gbé tíì rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ká kọ́tìnì tó wà láàárín ibi iṣẹ́ tèmi àti tirẹ̀ sókè díẹ̀. Ọkọ mi ni mo rí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ irin tó ń ṣe, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lé e, ó pa ojú dé, ó sì ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tó tutù lórí ìrọ̀rí. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń sunkún ni. Kí n tó la ẹnu, ó gbé orí sókè, ó mú òòlù, ó lu ojú kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tún fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e.

Mo rọra jẹ́ kí kọ́tìnì wálẹ̀. Ibi tí mo dúró sí ni tíì náà tutù sí mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ wa fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tó já mi láyà. Mọ́tò àtijọ́ ni ọkọ mi ń tún ṣe, irú àwọn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti kógbá sílé kí a tó bí ọmọ wa. Bí ìpẹtà bá jẹ ara wọn, kò sí ibi tí èèyàn ti lè ra òmíràn. Ọkọ mi á gé páànù pẹlẹbẹ, á gbé e lé àpò yanrìn, á fi òòlù onígi lù ú títí á fi jìn bí abọ́. Lẹ́yìn náà, á di irin róbótó kan mú sí ẹ̀yìn páànù, á sì máa fi òòlù kékeré lu iwájú rẹ̀ títí á fi tẹ̀ síbi tó yẹ kó tẹ̀, tí á sì jọ̀lọ̀. Kì í lu irin bí ẹni tó ń bá a jà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi ni mo ń rán àga àwọn mọ́tò náà. Awọ, fóòmù, abẹ́rẹ́ àti ẹ̀rọ ìránṣọ, tèmi nìyẹn. Ọdún mẹ́rìnlélógún la ti ń fi kọ́tìnì kan ṣoṣo pín ṣọ́ọ̀bù yìí, a ò sì tíì jà ju bó ṣe yẹ kí tọkọtaya jà lọ.

Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ ni ojú. Páànù tí ẹ rò pé ó dán, kòtò àti gegele ló kún ibẹ̀, ẹ ò sì ní rí i àfi tí wọ́n bá kùn ún tán, nígbà tí ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ló ń tètè rí i. Ọkọ mi á tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ sórí páànù, á fi ọwọ́ lé e, á fà á lọ, á fà á bọ̀, lójijì á dúró. Á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Kòtò tí kò jìn ju irun orí kan lọ, ó ń rí i. Kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wá máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá kòtò, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mo wá ń rántí gbogbo ohun tí mo ti rí tí mi ò fọkàn sí. Ó gbé kẹ́tùlù gbígbóná lójú iná láìfi aṣọ dì í mú, kò sì yọ ọwọ́. Ó ti ń ní kí n bá òun de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lárààárọ̀. Èmi òmùgọ̀ rò pé ìfẹ́ ló tún padà dé, mo tilẹ̀ ra lọ́fíńdà tuntun. Ti fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin tún wà ńbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré, níparí iṣẹ́, ló máa ń fi fáìlì ra ara páànù: ibi tó wú á tàn, ibi tó jìn á ṣì dúdú. Ṣùgbọ́n fáìlì ń jẹ irin, páànù náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju èékánná lọ. Ẹni tó bá ń fáìlì nígbà gbogbo á lu ihò síbi tó fẹ́ tún ṣe. Ó sì ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń gbá lẹ́búlẹ́bú irin nílẹ̀ ní ojoojúmọ́.

Ọwọ́ ọkọ mi ti kú. Ó ń lu irin, kò mọ ohun tó ń lù.

Ìgbà tí kò yẹ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ló sì ṣẹlẹ̀. Mọ́tò tó wà níwájú wa, ti dókítà eyín kan ni. Ìyá rẹ̀ ló ń wà á nígbà ayé rẹ̀, mọ́tò kékeré onílẹ̀kùn méjì. Ìpẹtà ti jẹ mọ́gáàdì òsì rẹ̀, irin tó bo táyà iwájú, kọjá àtúnṣe. A ti yọ ọ́, mọ́tò náà sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ká. Àdéhùn ni pé mọ́gáàdì yìí nìkan ni ọkọ mi á kọ́kọ́ ṣe. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, dókítà á mú ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá dára, ilẹ̀kùn méjèèjì àti gbogbo ara mọ́tò tó kù á di tiwa. Bí kò bá dára, á gbé mọ́tò ìyá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ irin.

Ẹni tó fẹ́ mú wá náà, a mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà lòun àti ọkọ mi ti kọ́ṣẹ́. Aláṣọ-ìnujú ni wọ́n ń pè é, nítorí aṣọ ìnujú funfun tó máa ń fi sábẹ́ ọwọ́ tó bá ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò. Kò sí ẹni tó lè tan ọwọ́ ọkùnrin yẹn. Bó bá sọ pé iṣẹ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti bàjẹ́, gbogbo ẹni tó ní mọ́tò àtijọ́ á ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí n sọ òótọ́, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Ọkọ mi kì í wo bọ́ọ̀lù, kì í ṣeré jáde, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò pé mẹ́ta. Irin ló ń lù. Bí wọ́n bá gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ ẹni tó máa ṣẹ́kù fún mi nínú ilé.

Lọ́jọ́ kejì mo pe ọmọ wa obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, lórí fóònù.

“Oníbàárà wa kan ni,” mo wí. “Àwọn ọmọ ìka rẹ̀ ò mọ gbígbóná mọ́, kò mọ tútù.”

“Oníbàárà wo, Màámi?”

“Oníbàárà kan ṣá.”

“Ṣé oníbàárà yẹn máa ń lu irin?”

Mo wo ìhà kọ́tìnì.

“Ẹ sọ fún oníbàárà yín pé gbígbọ̀n òòlù ló máa ń pa iṣan ọwọ́ bẹ́ẹ̀ tó bá ti pẹ́. Kó wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó ti kú kì í sábà padà, àmọ́ èyí tó kù ṣì ṣe é tọ́jú. Kó sì máa sinmi o.” Ó tún ní, “Ẹ bá mi kí oníbàárà náà. Ẹ ní mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.”

Mo pa fóònù, mo sì sunkún díẹ̀ sórí awọ àga dókítà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo rí ọkọ mi níwájú mọ́gáàdì. Ó mú ṣọ́ọ̀kì dání. Ó fi ọwọ́ kejì ra ara irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Kò sàmì kankan. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sápò, ó pa iná ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọlé wá bi mí pé kí ni a fẹ́ jẹ.

Ọwọ́ tèmi ò kú. Bí okùn òwú kan péré bá ká sábẹ́ awọ àga, ìka mi á bá a níbẹ̀. Nítorí náà, ní àárọ̀ Ọjọ́rú, bí mo ṣe gbọ́ tí omi ń dà ní balùwẹ̀, mo sáré wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń tẹ́ ẹ. Mo pa ojú dé. Mo ń tẹ́tí sí omi balùwẹ̀ bí olè. Ní àkọ́kọ́, mi ò rí nǹkankan, ó kàn ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi ni. Ìgbà tó yá, ọwọ́ mi wọlé díẹ̀ síbì kan, bí ẹni tẹ ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Mo rí méjì sí i. Ni mo bá sá padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Ọkọ mi wọlé. Mi ò gbọ́ ìró òòlù. Mo tẹ ẹ̀rọ, mo jẹ́ kó máa sáré kó lè dà bíi pé iṣẹ́ ń lọ, ìgbà tí mo wolẹ̀ ni mo rí i pé òwú kankan ò sí lójú abẹ́rẹ́. Mo ń gbàdúrà pé kó rò pé òun ló sàmì lánàá tó gbàgbé. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, mo gbọ́ òòlù: tìn, tìn, tìn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi àmì mi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Lárààárọ̀, tó bá ti ń wẹ̀, èmi á ti máa sàmì. Tó bá wọlé, á lu ibẹ̀, kò sì ní sọ nǹkankan. A ń jẹun pọ̀, à ń sọ̀rọ̀ omi tó ń jò ní kíṣìnnì, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọwọ́. Oorun ò kùn mí mọ́. Mo ń rò ó pé kí ni màá ṣe bí mo bá ṣì í, mo tún ń rò ó pé kí ni màá ṣe bó bá mọ̀, mi ò sì mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo bá èérún igi lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí ọ̀bẹ ń fá. Ọ̀bẹ kékeré wà lórí tábìlì. Inú bí mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà, èmi ń fi oorun du ara mi, òun ń jókòó gbẹ́ igi!

“Bàbá wọn, ẹ̀yin lẹ wá ń gbẹ́ igi ṣeré, nígbà tí iṣẹ́ wà nílẹ̀ báyìí?”

“Ọwọ́ ló ń wá nǹkan ṣe,” ó wí.

Mo gbá èérún náà kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú ariwo ìgbálẹ̀, kó lè mọ̀ pé inú ń bí mi.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e ni mo dá ọ̀ràn. Ó ku ọjọ́ méjì. Mi ò sùn rárá lóru ọjọ́ náà, ojú mi wú. Nítòsí ihò tí iná iwájú máa wọ̀, níbi tí irin náà ti tẹ̀ jù, ọwọ́ mi wọ kòtò kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rù bà mí pé irú kòtò ńlá yìí wà níbẹ̀ tí mi ò rí i láti ọjọ́ yìí. Mo sàmì róbótó ńlá yí i ká, mo sì tún fà á nípọn.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní: kí o tó pe ibì kan ní kòtò, kọ́kọ́ wo etí rẹ̀, bóyá àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló wú. Ibi tí mo sàmì sí wà bó ṣe yẹ kó wà. Gegele ló yí i ká. Ọkọ mi di irin róbótó mú lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibẹ̀ sókè. Ó lù ú, ó lù ú. Mo gbọ́ tí ìró òòlù yí padà, ó di ìró gbígbòòrò. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ:

Pọ̀ọ̀.

Òòlù dákẹ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, ó wọnú. Pọ̀ọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, ó yọ síta. Pọ̀ọ̀. Bí ìdérí agolo. Èmi tí kì í ṣe oníṣẹ́ irin mọ ìtumọ̀ ìró yẹn. Páànù ti nà ju ara rẹ̀ lọ, kò mọ ibi tó máa dúró sí mọ́.

Mo yọjú. Ọkọ mi ti jókòó sórí kùkùté igi tó máa ń gbé àpò yanrìn lé. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí eékún, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ẹnì kan fi wọ́n síbẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ. Kí n má parọ́ fún yín, ìṣẹ́jú kan wà tí mo fẹ́ dákẹ́. Bí mo bá dákẹ́, á gbà pé òun ló bà á jẹ́, kò ní mọ̀ láéláé. Ojú ara mi tì mí lórí èrò yẹn. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo ká kọ́tìnì.

“Bàbá wọn, èmi ni.”

“Ìwọ ni kí ni?”

“Èmi ni mo sàmì síbẹ̀. Láti Ọjọ́rú tó kọjá ni mo ti ń sàmì. Mo rí yín lọ́jọ́ tí ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ti kú. Ẹ má bínú, mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni, mo wá bà á jẹ́.”

Ó wò mí títí.

“Ìyá wọn, ó ti lé ní oṣù kan tí mi ò tíì fi ṣọ́ọ̀kì kan irin. Ta lo rò pé mo rò pé ó ń kọ ọ́? Èkúté?”

“Ẹ mọ̀?”

“Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ń sáré láìsí òwú lójú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ mi ló kú, mi ò dití.”

“Ẹ mọ̀, ẹ sì ń lù ú?”

“Ibi mọ́kànlélógún lo sàmì sí kí èyí tó dé. Mo ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò ó lẹ́yìn rẹ. Mọ́kànlélógún ló tọ̀nà. Ìgbà tó dorí èyí, mi ò wò ó mọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi látijọ́ yìí?”

“Kí ló dé tí ìwọ náà ò sọ fún mi?”

Ó tún wo ọwọ́ rẹ̀.

“Ojú ló ń tì mí,” ó wí. “Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n lówe. Kéèyàn wá gbà á fún ara rẹ̀ ló ṣòro.”

Mo jókòó tì í lórí kùkùté náà, kò gbà wá tán, ìdí mi kan wà níta. Mo mú ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé mo dì í mú nítorí pé òun ń wò ó. Àwa méjèèjì sunkún níbẹ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, pẹ̀lú irin tó ń dún pọ̀ọ̀pọ̀ níwájú wa. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní, “Ó yá. Ẹkún ò lè mú páànù súnkì. Iná ló ń mú un súnkì.”

Odindi Ọjọ́bọ̀ la fi ṣe é. Iṣẹ́ náà rọrùn lẹ́nu: wàá wá ibi tó nà jù, wàá fi iná gáàsì kàn án títí ojú kan tí kò ju bọ́tìnnì lọ á fi pọ́n, wàá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, wàá sì fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́. Irin náà á kó ara rẹ̀ jọ. Bí iná bá pọ̀ jù, irin á lọ́, á wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi ń fọwọ́ wá ibẹ̀, òun ń dáná, òun ń lù, èmi ń fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́, ooru ń rú bò wá lójú.

“Wo etí rẹ̀ kí o tó sọ,” á wí. “Àwọn aládùúgbò ńkọ́?”

“Àwọn aládùúgbò wú.”

“Àwọn la ó kọ́kọ́ bá wí nìyẹn.”

Lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ òórùn. Mo wolẹ̀, ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí irin gbígbóná, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀ ni. Mo pariwo, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó wo ìka náà, ibẹ̀ ti bó, ó sì ní, “Ó dáa pé kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́.” Òun rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, mo ya aṣọ kan, mo fi di ìka náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kí n fi ọwọ́ sómi kí n sinmi. Páànù tó bá gbóná máa ń parọ́, ó wí, àfi kó tutù kó tó sọ òótọ́. A jókòó dè é bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ìgbà tó tutù, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó tún fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, kò dún. Èmi fi ọwọ́ rà á. Ó dà bíi pé ó jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n ìka mi ti rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá gbé òkúta sábẹ́ rẹ̀, màá ní ó jọ̀lọ̀.

“Ó dára àbí kò dára?” ó bi mí.

“Mi ò mọ̀,” mo wí, òótọ́ sì ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dé. Ẹni tó ń mú ẹ̀rù bọ̀ kì í pẹ́ lọ́nà. Dókítà eyín jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo iwájú mọ́tò níbi tí a ti de mọ́gáàdì tuntun mọ́, mo sì rò pé ó fẹ́ ní kó la ẹnu. Aláṣọ-ìnujú ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kí wa, ó fa aṣọ funfun rẹ̀ yọ, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ síwájú. Ó ń fi egungun ìka kan irin náà kó-kó-kó, bóyá a fi ẹ̀tàn dí ibì kankan. Èmi dúró ti kọ́tìnì, mo di etí rẹ̀ mú. Ó dé ìdí ihò iná iwájú. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó dúró, ó padà. Ó kọjá, ó tún padà. Ìgbà kẹta tó padà, ó gbé orí sókè.

“Iná ti kan ibí,” ó wí.

“Ó kàn án,” ni ọkọ mi dáhùn. “Ó nà, mo mú un súnkì.”

“Ẹn-ẹ́n.”

Ó tún rà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá tú aṣọ ìnujú rẹ̀ ká, ó fi sápò.

“Dókítà, kò sí kòtò níbẹ̀. Ọwọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣì ni ọwọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò darúgbó rárá.”

Ó ti tán. A ti là á já. Mo ti ń ronú tíì tí màá gbé fún wọn nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi.

“Kì í ṣe ọwọ́ mi.”

Mo wò ó. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá sún mọ́ ọn ni, ǹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ọwọ́ mi ti kú láti bí oṣù mẹ́ta,” ó wí. “Òòlù nìkan ni tèmi níbẹ̀. Ẹni tó rí kòtò, òun ló dúró ti kọ́tìnì yẹn. Mi ò lè jókòó gba ìyìn ìyàwó mi mọ́ ọn lọ́wọ́.”

Inú bí mi débi pé etí mi gbóná. Gbogbo oorun tí mi ò sùn, gbogbo eré tí mo ń sá lárààárọ̀, ó kó o dà sílẹ̀ níwájú oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́! Dókítà ń wò ó, ó ń wò mí. Aláṣọ-ìnujú rìn lọ bá ọkọ mi, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi èékánná tẹ orí àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ò mira.

“Ǹjẹ́ o rántí ọ̀gá wa?” ó wí pẹ̀lẹ́. “Nígbà tó kù díẹ̀ kó fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fi ń wò ó. A máa ń rẹ́rìn-ín. A rò pé ó ń tòògbé ni.”

“Mo rántí.”

“Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Mo mọ̀,” ni ọkọ mi wí. “Ìdí rẹ̀ tí mo fi sọ nìyẹn.”

Dókítà eyín wúkọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ irin,” ó wí. “Ẹ kàn dá mi lóhùn. Ṣé iṣẹ́ náà dára àbí kò dára?”

“Ó dára,” ni Aláṣọ-ìnujú wí.

Dókítà kọjú sí mi. “Ìyá, ṣé ẹ máa lè ṣe ilẹ̀kùn?”

Ta ní ń bi mí léèrè ilẹ̀kùn? Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo ti fi ọwọ́ kan irin, mo sì ti ba ibì kan jẹ́ lára rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé àga ni mò ń rán.

Ọkọ mi lọ síbi ògiri tí àwọn òòlù rẹ̀ wà. Ìṣó kọ̀ọ̀kan ní òòlù tirẹ̀. Ó mú èyí tó kéré jù, èyí tó máa ń dán ojú rẹ̀ títí á fi dà bíi dígí, nítorí pé àpá yòówù tó bá wà lójú òòlù, ara páànù ló máa kọ ọ́ sí. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún, ìdí ìṣó rẹ̀ nìkan ni mo ti ń nu eruku. Ó gbé e fún mi.

Mo gbà á. Igi ìdìmú rẹ̀ tó nípọn, tí òógùn ọwọ́ ọkọ mi ti sọ di dúdú, ti tín-ín-rín. Wọ́n ti fá a yíká, igi tuntun funfun ló yọ síta, wọ́n sì ti fi nǹkan ha á kó má bàa gún èèyàn. Mo pa ọwọ́ mọ́ ọn. Gbogbo ìka mi ló rí àyè tirẹ̀, àtàǹpàkò mi sì bọ́ sínú ibi kékeré kan tí ọ̀bẹ gbẹ́ sílẹ̀ dè é. Kò lè bá ọwọ́ ọkọ mi mu mọ́ láéláé.

Mo rántí èérún igi ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí mo ṣe fi ìbínú gbá a tí mo sì dà á nù.

“Ẹ jẹ́ kí a tú ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ lára mọ́tò ní ọjọ́ Ajé,” mo sọ fún dókítà.